Òkúta, Okùn àti Aago: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Olùdìbò Bi Olùdíje

Bí ìdìbò bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ kì í wọ́n lẹ́nu olùdíje. Ọ̀kan yóò ní òun yóò kọ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta. Òmíràn yóò pín ìwé ìkọ̀wé tí ó tẹ àwòrán ara rẹ̀ sí ẹ̀yìn. Àwọn òbí yóò pàtẹ́wọ́. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni bi wọ́n léèrè ohun tí yóò máa ṣẹlẹ̀ nínú yàrá náà nígbà tí wọ́n bá kùn ún lọ́dà tán, pàápàá ní wákàtí ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì.

Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ kò ṣàjèjì sí òbí kankan. Olùkọ́ kọ fọ́múlà sójú pátákó, ọmọ dà á kọ, ó há a sórí, ó sì tú u sílẹ̀ lọ́jọ́ ìdánwò.

Ní Amẹ́ríkà, David Hestenes, onímọ̀ físíìsì ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Arizona, àti Malcolm Wells, olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama, wádìí ibi tí irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ń gbé ọmọ dé. Ìdánwò tí àwọn àti ẹnì kẹta wọn gbé jáde ní 1992 kò ní ìṣirò kankan nínú. Ó béèrè pé bí ọkọ̀ akẹ́rù ńlá bá kọlu mọ́tò kékeré, èwo ni ó fi agbára tí ó pọ̀ jù lu èkejì? Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti kọ́ físíìsì dáhùn pé akẹ́rù ni. Bẹ́ẹ̀ agbára kan náà ni àwọn méjèèjì fi lu ara wọn. Òfin kẹta ti Newton ni, èyí tí àwọn ọmọ náà lè kà lórí láìwo ìwé.

Ọ̀nà tí Wells àti Hestenes là ni ti kíkọ́ni pẹ̀lú àwòṣe. Àwòṣe ni ohun tí ènìyàn fi ń mọ bí nǹkan yóò ti rí kí ó tó ṣẹlẹ̀, bí bébà tí aránṣọ ń gé kí ó tó gbé sísọ́ọ̀sì lé aṣọ. Kí olùkọ́ so òkúta mọ́ okùn, kí ó fì í, kí ó sì béèrè ohun tí ń mú un yára. Ọ̀pọ̀ ọmọ yóò ní bí òkúta ṣe wúwo sí ni. Kí wọ́n pín ara wọn ní mẹ́ta-mẹ́ta, kí wọ́n wọ̀n ọ́n. Bí okùn bá jẹ́ 25 sẹ̀ǹtímítà, àlọ àti àbọ̀ ìgbà mẹ́wàá yóò gba nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 10. Bí ó bá jẹ́ mítà 1, yóò gba 20. Okùn di ìlọ́po mẹ́rin, àkókò di ìlọ́po méjì péré. Bí wọ́n bá sì pààrọ̀ òkúta, kò sí ohun tí yóò yí padà. Wọn yóò yàwòrán rẹ̀, wọn yóò sọ ọ́ lọ́rọ̀ ẹnu ara wọn, wọn yóò dúró níwájú ẹgbẹ́ wọn láti gbèjà rẹ̀. Ìbéèrè ni iṣẹ́ olùkọ́. Ẹ̀yìn èyí ni fọ́múlà yóò tó dé. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n sọ iye tí okùn 50 sẹ̀ǹtímítà yóò gbà kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n. Ẹni tí ó bá fojú bù ú pé 15 ni, aago yóò fi hàn án pé 14 ni.

Òótọ́ ni pé ọ̀nà yìí kì í yá, kíláàsì ọlọ́gọ́ta ọmọ kì í sì í ṣe kíláàsì ológún. Ṣùgbọ́n orí ẹ̀kọ́ márùn-ún tí ó yé ọmọ sàn ju ogún tí ó há sórí lọ. Òkúta àti okùn kò sì wọ́n. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ ni ó ń náni lówó.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi jẹ́ ti àpótí ìbò hàn nínú òfin. Abala 18 nínú Òfin Ìpilẹ̀ṣẹ̀ 1999 ní kí ìjọba máa gbé sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ lárugẹ, ṣùgbọ́n abala 6(6)(c) dènà ilé ẹjọ́ láti fi ipá mú un ṣe bẹ́ẹ̀. Òfin UBE ti 2004 fún gbogbo ọmọ ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé ìparí girama kékeré, kò sì béèrè ìlú bàbá rẹ̀: bí ó ti jẹ́ ti ọmọ onílẹ̀ ní Kano tàbí Jos ni ó jẹ́ ti ọmọ Yorùbá tí ń gbé níbẹ̀. Àmọ́ àyè ìjókòó ni òfin náà fún un. Bí wọn yóò ti kọ́ ọ wà lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n bá dìbò yàn. Owó náà ńkọ́? Ìjọba àpapọ̀ ní ìpín tirẹ̀, bí ìpínlẹ̀ bá ti mú ìdajì wá. Kì í sì í ṣe àṣírí pé àwọn ìpínlẹ̀ kan ti fi tiwọn sílẹ̀ sí Abuja láìgbà á.

Nítorí náà, nígbà tí olùdíje bá wá bá ẹgbẹ́ ṣèpàdé, kí olùdìbò bi í bóyá ìpínlẹ̀ ti san ìdajì tirẹ̀, iye olùkọ́ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì tí yóò rán lọ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ nínú ìsinmi, àti ọdún tí yóò bẹ̀rẹ̀. Kí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ ìdáhùn náà sílẹ̀, kí olùdíje sì fọwọ́ sí i.