Ìmọ́lẹ̀ Méjì Lára Mólékù Kan

Mẹ́tééènì, gáàsì tó ń hó jáde nínú ẹrẹ̀ àbàtà, kò ju átọ́ọ̀mù márùn-ún lọ: kábọ́nù kan, háídrójìn mẹ́rin. Síbẹ̀, bí ẹ bá tan ìmọ́lẹ̀ infrared kọjá lára rẹ̀, ìlà tí yóò fi hàn pọ̀ lọ jàra. Mólékù kì í gba agbára bó ṣe wù ú. Orí ipele-ipele ni agbára gbígbọ̀n àti yíyí rẹ̀ wà, kò sì sí ibùdúró láàárín ipele kan sí èkejì. Ìmọ́lẹ̀ tó bá ṣe wẹ́kú pẹ̀lú àlàfo ipele méjì nìkan ló ń gbé mì, ìlà kan sì ni ìyẹn.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé àwọn ìlà náà ń gun orí ara wọn, ó sì ṣòro láti mọ ipele tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí double resonance spectroscopy ń yanjú nìyẹn. Lésà méjì ni wọ́n ń lò. Èyí àkọ́kọ́ á gbé díẹ̀ nínú àwọn mólékù kúrò ní ipele kan tí a mọ̀ lọ sí òmíràn tí a mọ̀. Èkejì á máa yẹ gáàsì náà wò. Ìlà tó bá yọ nígbà tí lésà àkọ́kọ́ wà ní títàn, tó sì pòórá bí wọ́n bá ti pa á, orí ipele tuntun yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀. Èyí tó bá rẹlẹ̀ dípò kó yọ, ipele tí àwọn mólékù ṣí kúrò ló ní in. Bí ẹni pa aró sí ìyẹ́ adìyẹ rẹ̀ ni: bó ti wù kí agbo pọ̀ tó, a ó dá a mọ̀. Lésà àkọ́kọ́ tún máa ń ṣa àwọn mólékù tí eré wọn bára mu, nítorí náà ìlà tí èkejì ń rí máa ń tínrín, ó sì máa ń ṣe kedere.

Alfred Kastler àti Jean Brossel ló dábàá irú ọgbọ́n yìí fún átọ́ọ̀mù ní 1949. Kastler gba ẹ̀bùn Nobel ní 1966. Ní 2021, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Umeå ní Sweden àti ẹlẹgbẹ́ wọn lò ó fún mẹ́tééènì tí wọ́n fi náítrójìn olómi mú tutù. Ìgbì ìmọ́lẹ̀ lésà àkọ́kọ́ gùn tó máíkírómítà 3.3. Èkejì, ní nǹkan bí 1.67, jẹ́ irú èyí tó ń tan ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí àlàfo wọn dọ́gba.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe eré ọmọ ilé-ìwé. Ní 2023, awò-awọ̀nàjíjìn James Webb rí mẹ́tééènì nínú afẹ́fẹ́ WASP-80b, pílánẹ́ẹ̀tì kan tó gbóná gan-an. Ìṣirò kọ̀ǹpútà ló ń sọ ibi tí púpọ̀ nínú ìlà mẹ́tééènì gbígbóná yẹ kó wà. Irú àyẹ̀wò yìí, tó ń fi lésà gbé mólékù lọ sí ipele òkè tí ooru náà máa ń gbé wọn dé, ló ń fi hàn bóyá ìṣirò náà tọ̀nà.