Ẹ Yọ Káfúrà Kúrò Nínú Àpótí Aṣọ Ìkókó

Aṣọ ìkókó ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo ti fi ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè sílẹ̀ lọ di alágbàfọ̀. Èdè wà nínú ọ̀rọ̀ náà ju ọṣẹ lọ.

Ní agbègbè Alímọ̀ṣọ́ níbí, láti Ìkọ̀tún dé Ẹ̀gbẹ́dá títí wọ Ìgándò, ọ̀pọ̀ aboyún ni í bẹ̀rẹ̀ sí ra ẹrù ọmọ nígbà tí oyún bá ti dàgbà díẹ̀. Wọn a ra tuntun, wọn a sì fi bọ̀síkọ́ọ̀nà kún un. Wọn a fọ̀ ọ́, wọn a sá a, wọn a ká a sínú àpótí, wọn a wá ju káfúrà roboto mẹ́ta tàbí mẹ́rin sí i kí aáyán má baà débẹ̀. Inú òórùn yẹn ni aṣọ náà yóò wà títí di ọjọ́ ìkúnlẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí á jáwọ́ nínú àṣà yìí pátápátá.

Orúkọ ni ó kọ́kọ́ ń tàn wá. Káfúrà tí ó ni orúkọ yìí gan-an, ara igi kan ní ilẹ̀ Éṣíà ni ó ti wá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn roboto funfun tí à ń rà lọ́jà kò bá igi kankan tan. Naphthalene ni wọ́n, èyí tí a ń yọ láti ara ọ̀dà èédú tàbí epo rọ̀bì. A kó méjèèjì sábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo. Bí nọ́ọ̀sì bá wá béèrè lọ́wọ́ ìyá ọmọ pé ṣé ó lo naphthalene, ìyá náà yóò dáhùn pé òun kò lò ó rí, kò sì purọ́.

Naphthalene kì í yọ́ kí ó tó di afẹ́fẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń fò lọ, tí ó sì ń wọ inú aṣọ. Ọmọ a máa fà á símú, a sì máa gba awọ ara wọlé. Omi kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ́ ọ, ṣùgbọ́n epo ń yọ́ ọ, nítorí náà ọmọ tí a fi òróró pa lára kí á tó wọ irú aṣọ bẹ́ẹ̀ fún un tún wà nínú ewu jù. Bí ara ọmọ náà kò bá ní èròjà G6PD tó, èyí tí ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí fọ́. Ohun tí ó ń jáde lára wọn ni í sọ ojú àti awọ ọmọ di pípọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Bí ó bá pọ̀ dé inú ọpọlọ, ó lè pa ọmọ, tàbí kí ó sọ ọ́ di odi tàbí ẹni tí kò ní lè dá jókòó. Ní ọdún 1963 ni T. Valaes àti àwọn oníṣègùn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti kọ ìròyìn ọmọ tuntun 21 ní ilẹ̀ Gíríìsì tí irú òórùn yìí ṣe báyìí. Láti ọdún 2008 ni Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù ti fòfin dè é pé kí a má tà á mọ́ fún lílé kòkòrò aṣọ.

Mo ti mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ: "Ìyá wa lò ó fún wa, kò sí èyí tí ó kú nínú wa." Ó dáa. Ní ìhà ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà, nǹkan bí ọkùnrin 1 nínú 5 ni G6PD rẹ̀ kò tó. Ẹ̀yin lè jẹ́ mẹ́rin yòókù. Ọmọ karùn-ún tí ó kú ní ọjọ́ kẹfà, ẹni tí wọ́n ní àbíkú ni, kò sí láàrin wa láti wá jẹ́rìí.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ń bí mi nínú. Lórí rédíò, nínú ètò Yorùbá pọ́ńbélé, "jọ́ńdíìsì" ni wọ́n ń pariwo. Kí ni jọ́ńdíìsì sọ fún ìyá tí kò kàwé? Bẹ́ẹ̀ ni àwọn bàbá wa ti fi ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ sílẹ̀ fún wa, orúkọ tí ó ń sọ ibi tí ó yẹ kí á wò: ojú àti ìtọ̀. A fi èyí tí ó ń kọ́ni sílẹ̀, a di èyí tí ó yadi mú. Ó sì ṣe pàtàkì, nítorí pé nínú èdè wa, pupa gba ohun tí àwọn ẹlòmíràn pín sí àwọ̀ méjì tàbí mẹ́ta. Ọmọ a máa pọ́n, àwọn àlejò a sì máa yọ̀ pé ọmọ náà pupa bí ìyá rẹ̀. Ẹ ṣí ìpéǹpéjú rẹ̀ wò lójú ọ̀sán. Bí funfun ojú bá ti pọ́n, ilé ìwòsàn ló kàn ní ọjọ́ náà gan-an. Ọ̀rọ̀ kí a gbé e sínú oòrùn tàbí kí a fún un ní omi gúlúkóòsì kò sí níbẹ̀.

Ìwé ẹrù ọmọ tí àwọn ilé ìgbẹ̀bí ń fún aboyún kò ṣòro í ṣàtúnṣe. Wọ́n kọ ìlédìí sí i, wọ́n kọ ọṣẹ sí i. Kí wọ́n kọ ìlà kan sí i ní Yorùbá pé káfúrà kò gbọ́dọ̀ bá wọn wọ inú àpótí, ìbáà jẹ́ roboto tàbí pẹlẹbẹ.

Ní ti fífọ̀ náà, ẹ̀tàn òórùn dídùn ni ó ń bà á jẹ́. A ti ń fi imú wọn ìmọ́tótó, bẹ́ẹ̀ aṣọ tí ó mọ́ kì í run ohunkóhun. Ọṣẹ tí kò le, omi tí ó mọ́, fífi ọwọ́ fọ̀ ọ́ jẹ́jẹ́ àti ṣíṣàn án lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta ti tó. Nígbà ọyẹ́, aṣọ pọliẹ́sítà a máa ta tàtà, a sì máa lẹ̀ mọ́ ọmọ lára, èyí ni ó ń mú kí àwọn kan da omi olóòórùn sí i. Gbígbẹ afẹ́fẹ́ ni ó ń fà á. Aṣọ òwú kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí ó ń di omi díẹ̀ mú sára. Òun ni kí ẹ rà. Ẹ ká a kúrò lórí okùn kí ó tó gbẹ ganjan, kí ẹ sì lọ̀ ọ́. Áyọ́ọ̀nù náà ń pa ẹyin eṣinṣin kan tí í yé sára aṣọ tútù, tí ìdin rẹ̀ sì ń wọ ara ọmọ. Kí ẹ wá kó o sínú ike tí ó ní ìdérí. Aáyán kò ní í rí ọ̀nà wọlé.

Èyí tí káfúrà ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Ẹ kó roboto náà dànù síbi tí ọmọdé kò ti ní rí i gbé mì. Ẹ fọ aṣọ náà, kí ẹ fi í sínú oòrùn àti atẹ́gùn fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ tún un fọ̀. Bí imú yín bá ṣì gbọ́ òórùn káfúrà lẹ́yìn náà, ẹ má wọ̀ ọ́ fún ọmọ tuntun.