Tòkunbọ̀ Kọ́, Àlòkù Ni: Ọ̀rọ̀ lórí Táǹkì Ọ̀kadà

Ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara ọ̀kadà ní Ìlá Ọ̀ràngún àti káàkiri ilẹ̀ Ìgbómìnà, èmi kò sì fara mọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ọ̀rọ̀ náà ni "tòkunbọ̀". Bí táǹkì epo ọ̀kadà yín bá ń jò, tí ẹ sì ń wá òmíràn tí owó rẹ̀ kò tó ti tuntun, "tòkunbọ̀ gidi ni" ni ohun tí ẹ óò kọ́kọ́ gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí a tú ọ̀rọ̀ náà wò. "Ti òkun bọ̀" ni ó di "tòkunbọ̀", ìyẹn ẹni tàbí ohun tó ti òkè òkun dé. Ọmọ tí a bí sí ìlú òyìnbó ni à ń sọ ní Adétòkunbọ̀ tàbí Olútòkunbọ̀. Nígbà tí Sir Adétòkunbọ̀ Adémọ́lá jẹ́ Adájọ́ Àgbà fún Nàìjíríà, láti 1958 títí di 1972, orúkọ iyì ni, kò ní ohunkóhun í ṣe pẹ̀lú ọjà. Lẹ́yìn tí iye náírà já wálẹ̀ ní 1986, tí apá òṣìṣẹ́ kò sì ká ọkọ̀ tuntun mọ́, ọkọ̀ àlòkù láti Yúróòpù gba orúkọ náà mọ́ àwọn ọmọ lọ́wọ́. Èyí kò dùn mí. Ọkọ̀ yẹn kúkú ti òkun bọ̀ lóòótọ́.

Táǹkì ọ̀kadà ńkọ́? Bajaj àti TVS ni ó pọ̀ jù lójú ọ̀nà wa. Íńdíà ni ilé iṣẹ́ méjèèjì wà, tuntun sì ni ọ̀kadà wọn ń dé ọ̀dọ̀ wa. Nítorí náà, táǹkì Bajaj tí ẹ bá rí lórí àtẹ àlòkù, ara ọ̀kadà tí ẹnìkan ti gùn nílẹ̀ yìí ni wọ́n ti tú u. Ó lè jẹ́ pé ọ̀kadà náà ní jàǹbá, ó lè jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú, ó sì lè jẹ́ pé wọ́n jí i gbé. Nọ́ńbà wà lára férémù, ó wà lára ẹ́ńjìnnì, kò sí lára táǹkì. Ìdí nìyí tí táǹkì fi rọrùn fún olè láti tà. Bí a bá wá pè é ní tòkunbọ̀, a ti fi orúkọ bo ìbéèrè tó yẹ kí oníbàárà bi mọ́lẹ̀: ara ọ̀kadà ta ni ẹ ti yọ ọ́? Àlòkù ni orúkọ rẹ̀, ohun tí a lò tó ṣẹ́ kù. Ọ̀rọ̀ yìí kò bú ọjà, ó kàn jẹ́wọ́ pé ẹnìkan ti ni ín rí. (Àwọn oníbọ́síkọ́nà ṣe olóòótọ́ jù wọ́n lọ.)

Ọ̀kadà ni ó ń gbé àgbẹ̀ àti ẹrù rẹ̀ gba ọ̀nà oko tí mọ́tò kò lè gbà, bẹntiróòlù sì wà láàárín itan ẹni tó ń gùn ún, lókè ẹ́ńjìnnì gbígbóná. Nítorí náà, ẹ ṣí ìdérí táǹkì, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀. Bí ìpẹtà bá ti ń ṣí bí èèpo, ẹ fi í sílẹ̀, nítorí yóò wọ inú kabúrétọ̀, ọ̀kadà yóò sì máa kú lójú ọ̀nà. Ẹ mú mágínẹ́ẹ̀tì inú sípíkà tó ti bàjẹ́, kí ẹ fi yí gbogbo ara rẹ̀ ká. Ibi tí kò bá ti lẹ̀ mọ́ ọn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pọ́tì ni wọ́n fi dí ihò níbẹ̀ kí wọ́n tó fi ọ̀dà tuntun bò ó. Ẹ bu omi sí i, kí ẹ gbé e ka orí ìwé ìròyìn gbígbẹ, kí ẹ sì dúró díẹ̀. Bí ẹni tó ń tà á bá ní wẹ́dà yóò jó ibi tó ń jò, ẹ rántí pé táǹkì tí epo ti tán nínú rẹ̀ kì í ṣe ohun eré: oru bẹntiróòlù tó kù síbẹ̀ ni ó ń bú gbàmù nígbà tí iná bá kàn án.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi a máa sọ pé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ a máa yí padà, pé onímọ̀ èdè kì í bá a jà. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá pe táǹkì Bajaj ní tòkunbọ̀ fún mi, yóò fi rìsíìtì tó fi rà á hàn mí kí n tó yọ owó.