Àjàṣẹ́ ni kí ẹ máa sùn, kì í ṣe Kútọnu

Ọ̀gá Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín kí n bá àwọn èèyàn wa ní Yewa sọ̀rọ̀, pàápàá àwọn tó ń gba Ìdírókò lọ ra ọjà ní Tokpa, ní Kútọnu.

Télọ̀ ni mí, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń lọ ra aṣọ níbẹ̀. Ohun tí mo ń rí kò dùn mọ́ mi nínú. Bí ará wa bá ti sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, ọmọkùnrin kan á dì mọ́ ọn, á ní òun mọ òtẹ́ẹ̀lì tó dára. Kò ní sọ pé onílé ń fún òun ní nǹkan lórí àlejò. Ẹni tí kò gbọ́ Faransé, tí kò gbọ́ Fọ̀n, iye sẹ́fà tí wọ́n bá dá lé e ló máa san.

Kí ló dé tí a kì í sùn sí Àjàṣẹ́? Àjàṣẹ́ tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo yìí gan-an ni olú-ìlú Benin, bí ìjọba tilẹ̀ fi Kútọnu ṣe ibùjókòó. Ó sún mọ́ Ìdírókò ju Kútọnu lọ. Yorùbá pọ̀ níbẹ̀ rẹpẹtẹ, púpọ̀ nínú àwọn Ègùn ibẹ̀ náà sì gbọ́ èdè wa. Ẹ lè fẹnu ara yín ná owó yàrá, ẹ ó sì mọ ohun tí wọ́n ń sọ lẹ́yìn yín!

Àwọn kan á ní ẹni tó bá fẹ́ tètè wọ ọjà, ẹ̀bá ọjà ni kó sùn. N kò gbà. Nǹkan bíi kìlómítà 30 ló wà láàárín ìlú méjèèjì. Ẹni tó bá jí ní ìdájí á dé Tokpa kí ọjà tó kún.

Nígbà tí ìjọba wa ti ẹnubodè ní oṣù kẹjọ 2019, obìnrin kan ládùúgbò wa há sí Kútọnu pẹ̀lú ẹrù rẹ̀. Alaalẹ́ ló ń san owó òtẹ́ẹ̀lì, títí owó ọjà fi di owó yàrá. Ẹnìkejì rẹ̀ tó máa ń wọ̀ sílé ìyá àgbà kan ní Àjàṣẹ́ kó ẹrù tiẹ̀ sí yàrá ìyá náà, ó wá sílé wá tọ́jú àwọn ọmọ rẹ̀. Oṣù kẹrin 2022 ni wọ́n tó ṣí Ìdírókò. Ó lọ kó ẹrù rẹ̀, kò dín ẹyọ kan.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ìbátan níbẹ̀, ẹ má lọ lọ́wọ́ òfo o. Ẹ dákun, ẹ di iṣu dání. Ẹ sì mú ìwé ìrìnnà yín lọ́wọ́. Àdéhùn ECOWAS ti 1979 fún wa láyè ọjọ́ 90 láìgba físà, àmọ́ onílé tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á bèèrè ìwé kó tó fún yín ní kọ́kọ́rọ́.

Èmi ni tiyín,
Télọ̀ àgbà,
Tube, Yewa, Ìpínlẹ̀ Ògùn.