Ẹ Kọ Orúkọ Abà Sílẹ̀

Ìkànìyàn ọdún 2006 fi hàn pé àwa ọmọ Nàìjíríà lé ní mílíọ̀nù 140, ó sì pín iye náà sí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn nìkan kò tó. Iye ènìyàn inú ìjọba ìbílẹ̀ kò lè sọ abà tí ọmọdé pọ̀ sí tí kò ní ilé-ìwé. Orúkọ nìkan náà kò tó, nítorí ibi tó ń jẹ́ Òkè-Odò tàbí Ìdí-Ìrókò pọ̀ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Ó yẹ kí ìjọba tẹ orúkọ abà kọ̀ọ̀kan jáde, pẹ̀lú ibi tó wà lórí máàpù àti iye ènìyàn rẹ̀.

Àwọn kan á ní owó rẹ̀ yóò pọ̀. Ṣùgbọ́n kí ìkànìyàn tó bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń pín ilẹ̀ sí ẹkùn kéékèèké. Àwòrán sátẹ́láìtì ni wọ́n fi ṣe é ní 2006, nítorí náà kì í ṣe iṣẹ́ tuntun ni à ń béèrè. Àwọn mìíràn á ní abà máa ń tú, àgbẹ̀ sì máa ń wá sígboro kí wọ́n lè kà á níbẹ̀. Òótọ́ ni, ìdí sì nìyẹn tí àkọsílẹ̀ fi ṣe pàtàkì: àgbẹ̀ tó bá rí i pé kíkà tí wọ́n kà á sí abà ló mú kànga dé ibẹ̀ kò ní sá wá sígboro mọ́. Wọ́n sún ìkànìyàn tó yẹ kó wáyé ní 2023 síwájú. Kí èyí tó ń bọ̀ má ṣe fo abà kankan.