Ta ló yẹ okùn náà wò?

Kò sí ẹni tó máa rí afárá Victoria Falls, tó so orílẹ̀-èdè Zambia pọ̀ mọ́ Zimbabwe, tí orí rẹ̀ kò ní wú. Ibẹ̀ ni àwọn àlejò ti ń sanwó kí wọ́n lè fi okùn rọ́bà dè wọ́n lẹ́sẹ̀, kí wọ́n sì bẹ́ sísàlẹ̀ láti òkè tó jìn tó mítà 111. Kí wọ́n tó kan odò Zambezi, okùn á ti fà wọ́n padà sókè. Bungee ni òyìnbó ń pè é.

Àgbàlagbà tó bá gbọ́ lè ní wèrè ni. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ pátápátá. Ní erékùṣù Pentecost, ní Vanuatu, ó ti pẹ́ tí àwọn ọkùnrin ti ń fi okùn igbó so ẹsẹ̀ bẹ́ láti orí igi gíga tí wọ́n tò, lásìkò ìkórè iṣu, kí iṣu ọdún tó ń bọ̀ lè ta dáadáa. Lára wọn ni òyìnbó ti kọ́ ọ, kó tó di òwò ní New Zealand lọ́dún 1988.

Èrè wà níbẹ̀ lóòótọ́. Àwọn àlejò yìí wà lára ohun tó ń bọ́ ìlú Livingstone, láti orí onílé ìtura dé orí awakọ̀. Ẹni tó bẹ́ náà á ní ẹ̀rù tó ń ba òun tẹ́lẹ̀ ti fò lọ, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́.

Ibi okùn ni wàhálà wà. Akọpẹ mọ ọjọ́ orí igbà rẹ̀. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń yẹ̀ ẹ́ wò kó tó gun ọ̀pẹ. Ẹni tó ń bẹ́ láti orí afárá kò mọ iye èèyàn tó ti lo okùn náà ṣáájú òun. Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn ọdún 2011, okùn já mọ́ ọ̀dọ́bìnrin ará Australia kan lẹ́sẹ̀ lórí afárá Victoria Falls yìí. Inú odò ló já sí, tòun ti ẹsẹ̀ méjèèjì ní dídè. Ó fara pa, ṣùgbọ́n orí kó o yọ. Lẹ́yìn náà ni mínísítà kan ní Zambia bẹ́ fúnra rẹ̀ láti fi hàn pé kò séwu. Ìwà akin ni, àmọ́ kì í ṣe àyẹ̀wò. Àwọn ará Pentecost pàápàá mọ̀ pé okùn ní àsìkò tirẹ̀: lọ́dún 1974 tí wọ́n ní kí wọ́n bẹ́ fún Ọbabìnrin Elizabeth wò nígbà tí kò tíì yẹ, okùn já, ọkùnrin kan sì kú.

Ti ilẹ̀ Spain lọ́dún 2015 tún burú ju ìyẹn lọ. Ọmọbìnrin ará Netherlands kan, ọmọ ọdún 17, bẹ́ nígbà tí wọn kò tíì so okùn rẹ̀ mọ́ afárá. Ilé ẹjọ́ gbọ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ẹni tó ń darí rẹ̀ kò já geere, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé “má bẹ́” tó wí, “ó yá, bẹ́” ni ọmọ náà gbọ́.

Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àìsàn ọkàn tàbí àìsàn ojú, àti aláboyún, kò ní nǹkan án ṣe níbẹ̀ rárá. Fún àwọn tó kù, kí ìjọba ibi tí òwò yìí bá wà fi ọlọ́pàá òfin sí i: kí wọ́n máa kọ iye ìgbà tí okùn kọ̀ọ̀kan ti ṣiṣẹ́ sílẹ̀, kí wọ́n jù ú nù tí iye náà bá pé, kí ẹni méjì sì yẹ ìdè wò kí ẹnikẹ́ni tó bẹ́. Ìwé tí wọ́n ń ní kí àlejò buwọ́ lù pé ohun tó bá ṣẹlẹ̀ kò kan àwọn, kò yẹ kó gba oníṣòwò tó lo okùn gbígbó lọ́wọ́ ẹjọ́.