Ta Ló Ń San Owó Ọkọ̀ Òṣìṣẹ́ PK8?

Ní PK8, àdúgbò kan lójú títì Nationale 1 tó jáde láti Libreville, olú ìlú Gabon, ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ ní èbúté Owendo fúnra rẹ̀ ló ń pe iye tó fẹ́ san. Takisí á rọra dẹ eré, èrò á dárúkọ ibi tó ń lọ àti owó ọwọ́ rẹ̀. Bó bá tẹ́ awakọ̀ lọ́rùn, á fọn fèrè. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá le, àwọn awakọ̀ mìíràn a máa gé ìrìn náà sí méjì, kí èrò lè sanwó lẹ́ẹ̀mejì.

Ká ní ẹnì kan ń ná 1,500 faranki CFA lójúmọ́ ní àlọ àti àbọ̀, fún ọjọ́ 26. 39,000 nìyẹn lóṣù. Ìjọba Gabon ti sọ lọ́dún 2010 pé 150,000 ló kéré jù tó yẹ kó máa wọlé fún òṣìṣẹ́ lóṣù. Ọkọ̀ nìkan ti gbé ju ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ lọ, kò tíì jẹun, kò tíì sanwó ilé. Ó ń dùn mí.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Richmond ní California bá irú ìṣòro yìí pàdé. Àwọn ọgbà ilé iṣẹ́ Kaiser kan ọkọ̀ ojú omi 747 níbẹ̀, òṣìṣẹ́ sì ya wọ ìlú kékeré náà. Japan ti gba Malaya, níbi tí rọ́bà ti ń wá, táyà wọ́n bí ojú. Nígbà tó fi di December 1, 1942, wọ́n ti ń fi ìwọ̀n pín epo jákèjádò Amẹ́ríkà, nítorí táyà ju nítorí epo lọ. Òṣìṣẹ́ tó bá fẹ́ àfikún epo gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ òun jọ ń wọ ọkọ̀, àfi bí kò bá ṣeé ṣe. Ìjọba ò sì dá gbogbo ẹrù náà lé òṣìṣẹ́ lórí. Lọ́dún 1943, ọkọ̀ ojú irin ti ń kó wọn láti Oakland lọ sí Richmond. Wọ́n lọ kó àlòkù ọkọ̀ ní New York nítorí rẹ̀.

Apá kejì yẹn, kí ẹlòmíràn bá òṣìṣẹ́ gbé ẹrù náà, ni PK8 ń fẹ́. Jíjọ wọ ọkọ̀ ti mọ́ àwọn ará ibẹ̀ lára, kò sẹ́ni tó ṣòfin fún wọn. Rélùwéè Transgabonais bẹ̀rẹ̀ láti Owendo, ó sì dé Franceville lọ́dún 1986, ṣùgbọ́n manganese àti gẹdú ló ń kó jù, kì í ṣe ẹni tó ń sáré kí agogo iṣẹ́ má lù bá a lọ́nà.

Ẹ̀yin ilé iṣẹ́ tẹ́ ẹ wà ní èbúté Owendo, ẹ fi bọ́ọ̀sì gbé àwọn òṣìṣẹ́ yín láti PK8, kẹ́ ẹ má sì yọ owó rẹ̀ nínú owó oṣù wọn.